Ibùsùn Inú Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ibùsùn inú ọkọ̀ akẹ́rù ni pákó, irin tàbí aṣọ tí a tò sínú ọkọ̀ tàbí sórí rẹ̀, kí arìnrìn-àjò lè rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ láìwọ òtẹ́ẹ̀lì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹrù ló bí i. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ló kọ́kọ́ ń sùn sínú ọkọ̀, ibi tí ẹrù bá sì ṣẹ́ kù fún un ló ń sùn sí. Ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ṣe ilé ìgbafẹ́, ibùsùn ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó wá àyè fún ohun yòókù.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là fún mọ́tò ní 1906, wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n nígbà tó tún gbéra, Òṣogbo ló gbà lọ sí Ìlọrin. Kò ya Ọ̀yọ́, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́rì ni àwọn oníṣòwò ìlú méjèèjì wá gbójú lé. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ná ọjà Gold Coast, tó di Gánà, kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà ní 1969, mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú síni lójú ọ̀nà.

Lọ́rì bọ́lẹ̀kájà ìgbà náà, Bedford tàbí Austin, kì í bá bọ́dì wá láti Ìlú Ọba. Ẹ́ńjìnnì, férémù àti táyà ni ọkọ̀ ojú omi ń kó dé. Káfíńtà ilé wa ló ń kan ilé onípákó lé e lórí. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní iṣẹ́ àbùlẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ńṣì ni káfíńtà yẹn ń kàn, kò kan ibùsùn. Bí ẹrù bá kún, orí ẹrù, lókè tapólì, ni ọmọ ọkọ̀ ń gùn lọ.

Àwọn tírélà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀, tí wọ́n ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó, sábà máa ń ní pẹpẹ tóóró kan lẹ́yìn ìjókòó. Awakọ̀ ló ni ín. Ọmọ ọkọ̀ a máa so aṣọ kọ́ sábẹ́ tírélà, tàbí kó tẹ́ ẹní sáàárín táyà. Èyí burú jáì, nítorí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá tú kì í dúró jí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan lára àwọn tó yí ètò yìí, tí ẹrù ń ṣáájú ibùsùn, padà lójú gbogbo ayé ni Pelumi Nubi, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ló wa Peugeot 107 kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ló wọ Èkó. Ọkọ̀ yẹn kò gùn tó mítà 3½, síbẹ̀ ó ṣe ibùsùn sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kan irú rẹ̀ sí píkọ́ọ̀pù yóò kọ́kọ́ pàdé ìṣòro gígùn. Fóòmù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń gbé wọ yàrá ní àdúgbò Under G, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó sì fẹ̀ ní 3½, kò lè tẹ́ tán sẹ́yìn Toyota Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin, torí àyè ẹrù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. (Ti onílẹ̀kùn méjì ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, olówó rẹ̀ lè fo ìpínrọ̀ tó kàn.)

Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ ni pé kí káfíńtà ṣe férémù méjì, kí ó kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí pákó ti ọ̀kan máa wọ àlàfo èkejì bí ìka ọwọ́ méjì tó kọ́ra. Lọ́sàn-án, a tì wọ́n pọ̀, wọ́n di bẹ́ńṣì. Lálẹ́, a fa ọ̀kan jáde sórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a ṣí sílẹ̀, a sì gbé ẹsẹ̀ tì í nídìí. Fóòmù náà, a ó gé e sí méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé ibùsùn gba orí awakọ̀ kọjá ní tiwọn. Ó ń dá àyè ìsàlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lókè ń mú kí ọkọ̀ máa fì ní kọ́nà.

Gíga ló le jù. Irin tó bo táyà yọ sókè nínú àyè ẹrù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, orí rẹ̀ sì ni ibùsùn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó fẹ̀ dáadáa. Fi fóòmù íǹṣì 4 kún un, fi ẹsẹ̀ bàtà 3 kún un fún ẹni tó jókòó, ó ti ju 4 lọ. Ìdí nìyí tí òrùlé tó ń gbéra sókè fi wúlò: lójú ọ̀nà, ó wà nílẹ̀, atẹ́gùn kò rí i dì mú, níbùdó, a gbé e sókè, tapólì tó ṣeé ká di ògiri. Ilé iṣẹ́ Westfalia ti Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ibùsùn sínú Volkswagen ní 1951, sọ irú òrùlé yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Four Wheel Campers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1972, ń ṣe é fún píkọ́ọ̀pù.

Ní ti pákó, ìrókò le, ikán kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo. N kò rí ìdí tí a ó fi lò ó nígbà tí afárá wà. Ẹrù tí Hilux lè rù kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, èèyàn àti omi sì wà nínú rẹ̀. Bóòtì ni kí a fi de ibùsùn náà, kì í ṣe ìṣó: kòtò ojú ọ̀nà àtijọ́ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tó tó nǹkan bí kìlómítà 50, ń fa ìṣó tu. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín pákó, kí èémí ẹni tó sùn má baà rin fóòmù láti ìsàlẹ̀. Fèrèsé tapólì ń fẹ́ nẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀fọn, àti ìbòrí tó ṣeé dè nítorí eruku ọyẹ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe dí gbogbo rẹ̀ pa. A kì í tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sùn, a kì í sì dáná èédú níbẹ̀, nítorí gáàsì olóró inú èéfín wọn kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tó sùn.