Ọmọ Tí Kì Í Jẹun Dáadáa: Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Ọmọdé ní Paouignan

Ọmọ tí kì í jẹun dáadáa wọ́pọ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á kì í ṣe ọ̀kan náà. Ara ẹlòmíràn dá ṣáṣá, ó kàn ń ṣa oúnjẹ jẹ ni. Ẹlòmíràn, àìsàn tàbí àìjẹunrekánú ọjọ́ pípẹ́ ló mú kí oúnjẹ má wù ú mọ́. Ẹlòmíràn sì wà tó fẹ́ jẹ, tí ẹnu, ọ̀fun tàbí iṣan ara rẹ̀ kò gbà fún un. Ìtọ́jú èkíní kọ́ ni ti èkejì. Àyọkà yìí wo ọ̀rọ̀ náà láti Paouignan, ọ̀kan nínú agbègbè 10 tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Dassa-Zoumè, láàárín àwọn òkè ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Ìdáàṣà tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá àti àwọn Mahi ti jọ ń gbé.

Ohun tó wà nínú ìkòkò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bohicon lọ sí Dassa kò ní ṣàì rí àwọn obìnrin tó to gàrí sí ẹ̀bá títì ní Paouignan. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi mọ ìlú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti kajú pẹ̀lú. Gàrí ń kún inú, kò sì gba àkókò. Àmọ́ nínú 100 gíráàmù gàrí, purotéènì inú rẹ̀ kì í ju bíi gíráàmù 1 tàbí 2 lọ, nígbà tí 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 23. Ọmọ ọdún méjì tó ti mu gàrí oníṣúgà ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ kò ní fojú rere wo ẹ̀wà ní ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ á ní ó kọ oúnjẹ. Kò kọ nǹkan kan. Ó yó ni.

Inú ọmọ kéré ju bí àgbàlagbà ti rò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò rẹ̀ pé ó gba nǹkan bíi 30 gíráàmù oúnjẹ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, ìyẹn bíi 240 gíráàmù fún ọmọ tó wọn kílò 8. Bí ẹ̀kọ tí wọ́n pò fún un bá ń ṣàn bí omi, inú á ti kún kí agbára tó wọlé. Àjọ náà ní kí ọmọ mu ọmú nìkan títí yóò fi pé oṣù 6. Lẹ́yìn náà kí ó máa jẹ oúnjẹ tó ki díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ títí di oṣù 8, àti lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti oṣù 9 lọ, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ilọrin àti Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà bá àwọn ìyá ní Ìpínlẹ̀ Kwara ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro ẹ̀kọ tó ń ṣàn yìí. Ohun tí wọ́n jọ sè jáde ni Ẹ̀kọ Ìlera: ògì àgbàdo, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí a yan, epo pupa àti ṣúgà. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tí kò sí lọ́jà. Paouignan ní gbogbo rẹ̀, ó tilẹ̀ tún ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí ọkà tí wọ́n ń pè ní tchakpalo mọ bí a ti ń rẹ ọkà bàbà kí ó hù. Ìyẹ̀fun irú ọkà bẹ́ẹ̀, ṣíbí kékeré kan péré, a máa sọ ẹ̀kọ tó ki di èyí tó ṣeé mu láìfi omi kún un, nítorí pé èròjà kan nínú ọkà tó ń hù máa ń já ohun tó mú ẹ̀kọ ki sí wẹ́wẹ́. Kí wọ́n ṣáà rí i pé wọ́n ti re èéhù rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì dá ẹ̀kọ náà padà sórí iná, torí oró wà nínú èéhù ọkà bàbà.

Nǹkan mìíràn tó ń dín ohun inú àwo ọmọ kù ni èrò àwọn àgbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ gbà pé ẹyin àti ẹran a máa sọ ọmọdé di olè. Ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá sì ni purotéènì tó sún mọ́ ìyá jù lọ ní abúlé! Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, wàrà sóyà àti ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ sínú ọbẹ̀ náà wà, owó wọn ni kì í fìgbà gbogbo sí, pàápàá ní àwọn oṣù tí iṣu èṣí ti tán tí tuntun kò tíì jáde. Ní Savalou tó wà nítòsí, 15 oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣọdún iṣu. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí kí ọjọ́ yẹn tó pé kò ní bi ọmọ léèrè ìdí tí oúnjẹ kan náà fi sú u.

Ọmọ ọdún méjì tó ń ṣa oúnjẹ jẹ

Ọmọ tó bá dàgbà dáadáa a máa di ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n bí i nígbà tó bá fi máa pé nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kílò bíi 2 péré ló ń fi kún un lọ́dún. Ara kò béèrè oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oúnjẹ sì dínkù, ẹ̀rù wá ba ìyá. Láàárín ọdún 2 sí 6 ni ìbẹ̀rù oúnjẹ àjèjì tún máa ń le jù, tí ọmọ á fọwọ́ ti ohun tí kò mọ̀ sẹ́yìn láìtọ́ ọ wò. Èyí kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àìgbọràn.

Ní 1928, dókítà Clara Davis tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó gbé oríṣiríṣi oúnjẹ tí wọn kò fi nǹkan kan lú síwájú wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Wọ́n jẹ díẹ̀ lónìí, wọ́n jẹ púpọ̀ lọ́la, wọ́n sì dàgbà dáadáa. Àwọn kan fi èyí jiyàn pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé oúnjẹ gidi nìkan ni Davis gbé síwájú wọn, kò sí bísíkíìtì níbẹ̀. Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, wá pín iṣẹ́ náà sí méjì: òbí ló ń pinnu ohun tí wọn yóò jẹ, ìgbà tí wọn yóò jẹ ẹ́ àti ibi tí wọn yóò ti jẹ ẹ́, ọmọ ló ń pinnu bóyá yóò jẹ àti iye tí yóò jẹ.

Ìwádìí Leann Birch àti àwọn mìíràn láti àwọn ọdún 1980 fi hàn pé ọmọ lè nílò kí oúnjẹ tuntun dé iwájú òun ní ìgbà 8 sí 15 kí ó tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ìyá ti jáwọ́ ní ìgbà kẹta. Nínú ilé ní Paouignan, ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ju pé kí ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkà tí ọmọ ti mọ̀, kí ó rí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí. Kí gàrí mímu dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ. Àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí inú abọ́ àjọjẹ, ọwọ́ àwọn àgbà yára ju tirẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye tó jẹ.

Rírọ ọmọ

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń ka èyí ni wọ́n rọ ní kékeré. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe agbada sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Bí kò bá gbé e mì, kò ní rí èémí fà. Nínú ìwádìí Kwara kan náà, G. A. Oni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 1991 nípa bí àṣà náà ṣe gbilẹ̀ tó. Ìwà ìkà kọ́ ló ń mú àwọn ìyá ṣe é. Ó yá, ó sì ń dá wọn lójú pé oúnjẹ wọlé. Obìnrin tí iná gàrí ń dúró dè kò ní wákàtí kan tí yóò fi máa fi ṣíbí lé ọmọ kiri.

Síbẹ̀, ewu rẹ̀ kò kéré. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tí wọ́n ń rọ tún máa ń kẹ́kọ̀ọ́ pé ìyà ni oúnjẹ, kí wọ́n tó gbé abọ́ dé ni yóò ti máa ké. WHO àti UNICEF gbà wá nímọ̀ràn pé kí ẹni tó ń bọ́ ọmọ jókòó kọjú sí i, kí ó bá a sọ̀rọ̀, kí ó dúró nígbà tí ọmọ bá yí ojú kúrò, kí ó sì gbé abọ́ kúrò nígbà tó bá yó. Bí ìyá kò bá ráàyè, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti gbọ́n lè ṣe é.

Nígbà tí oúnjẹ kò wuni mọ́

Ó wọ́pọ̀ láti ra oògùn amúnijẹun fún ọmọ. Romain Dossa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní gúúsù Benin, láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò ga tó ọjọ́ orí wọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tó. Wọ́n fún wọn ní fítámì, èròjà ilẹ̀ àti ayọ́ọ̀nù, wọ́n sì wọn iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pé kí ó jẹ títí yóò fi yó. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé àwọn oògùn náà kò mú kí oúnjẹ wù wọ́n jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń náwó sórí sírọ́ọ̀pù fítámì yẹ kó gbọ́ èyí.

Ọmọ mìíràn ń jẹun, síbẹ̀ kò dàgbà, wọ́n á sì di ẹ̀bi rù ú. Ní 2002, Yun Yun Gong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò ní abúlé 16 ní Benin àti Togo. Nínú ọgọ́rùn-ún, 99 ni afilatọ́síìnì wà lára wọn, ìyẹn oró inú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu nínú àká. Àwọn tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú bọ́ sórí oúnjẹ àgbàlagbà ni tiwọn pọ̀ jù, oró náà sì ga lára àwọn tí kò dàgbà tó. Sísá àgbàdo gbẹ dáadáa, kí a sì ṣa èyí tó bu kúrò, jẹ́ apá kan ìtọ́jú ọmọ.

Ìwádìí ìlera tí Benin ṣe ní 2017 sí 2018 rí i pé bíi 32 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Okùn aláwọ̀ mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fi wọn apá ọmọ oṣù 6 sí 59: tí kò bá tó mìlímítà 115, pupa ni, àìjẹunrekánú tó le ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ìpara ẹ̀pà àti mílíìkì tí a ń pè ní Plumpy'Nut, èyí tí André Briend àti Michel Lescanne ṣe ní 1996. Ibẹ̀ gan-an ni kíkọ̀ oúnjẹ ti di ohun èlò àyẹ̀wò: ọmọ tó bá jẹ ẹ́ tí kò sì ní àìsàn mìíràn tó le lè gba ilé lọ, ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn ni yóò sùn.

Ẹnu àti ọ̀fun tí kò gbà

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí tí iṣan rẹ̀ sì le gbagidi, kì í ṣe aṣàjẹ. Ó máa ń húkọ́ bó bá ń jẹ, ohùn rẹ̀ a dà bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, oúnjẹ kan a máa gba wákàtí kan. Kí ó jókòó dáadáa, kí orí rẹ̀ má dà sẹ́yìn, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí oúnjẹ ki, kí ṣíbí sì kéré. Èyí kò dí lílọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́wọ́.

Ọmọ kan tún wà, pàápàá lára àwọn tó ní ọ́tísíìmù, tí àwọ̀, òórùn tàbí bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu ń bà lẹ́rù débi pé oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń jẹ. Láti 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò ti ka irú rẹ̀ tó bá le sí àìsàn tó dá dúró, ARFID. Ebi kò lè fipá mú irú ọmọ yìí jẹun, nítorí náà "ẹ jẹ́ kí ebi pa á, yóò jẹ" kì í ṣe ìmọ̀ràn fún un.

Paouignan wà nínú ẹkùn ìlera Dassa-Glazoué. Nínú ìlànà tí WHO àti UNICEF fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú èyí tí gìrì mú tàbí tó dákú: ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ.