Orin Tí Ojú Ń Rí: Ìlù Ààfin Asante, Ohun Àlòpatì àti Iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀

Ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana, ìlú Ọba Osei Tutu, ilé Àga Wúrà àwọn Asante, àdúgbò kan wà tí a ń pè ní Bantama, níbi tí ilé ìsìnkú àwọn ọba Asante wà títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dáná sun ún ní 1896. Lójú ọ̀nà àdúgbò yìí kan náà ni Gbọ̀ngàn Àṣà wà, níbi tí àwọn ahunṣọ kente, àwọn oníṣẹ́ adinkra àti àwọn onílù ń pàdé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí a ṣe lè fi ohun àlòpatì sọ orin ìjìnlẹ̀ di iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èrò pé kí orin di ìmọ́lẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Alexander Scriabin, ará Rọ́ṣíà, kọ ìlà kan fún ìmọ́lẹ̀ sínú orin rẹ̀ "Prometheus" tí ó parí ní 1910. Láìsí iná ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Moscow ní 1911, ó di 1915 ní New York kí àwọ̀ tó bá ohùn rìn. Thomas Wilfred, tí ó gbé ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ Clavilux rẹ̀ jáde ní 1922, ní tirẹ̀ gbà pé ìmọ́lẹ̀ lè dá dúró láìsí orin.

Ní ti ohun àlòpatì, El Anatsui, ọmọ Anyako ní Ghana tí a bí ní 1944, ni aṣáájú. Nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì Kumasi, Gbọ̀ngàn Àṣà yìí ni ó ń yà sí tí ojú rẹ̀ fi là sí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìlù ilẹ̀ rẹ̀. Ó kó lọ sí Nsukka ní Nàìjíríà ní 1975, níbi tí ó ti wá ń fi ìdérí ìgò ọtí, tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a fi wáyà bàbà so mọ́ra, ṣe aṣọ ńláńlá tí ń kọ mànà bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ìdérí kan kò já mọ́ nǹkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni ó di ọlá. Ohun àlòpatì kò wọ́n ní Kumasi, nítorí Suame Magazine, ibùdó àwọn mẹkáníìkì, kún fún irin àti ẹ̀yà mọ́tò àlòkù.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ohun àlòpatì nìkan kò tó, ètò ìlù fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Nínú fontomfrom, ìlù ààfin Asante, ìlù ńlá méjì ní í mi ilẹ̀. Atumpan méjì, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ń sọ èdè Twi gẹ́gẹ́ bí dùndún ti ń sọ Yorùbá. Síbẹ̀ agogo dawuro, tí kì í yẹsẹ̀, ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. H. Kwabena Nketia, ọmọ Mampong, ni ó là wá lóye pé ìlà agogo bẹ́ẹ̀ ni òpó tí ó gbé ilé ìlù ró. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gíláàsì iná mọ́tò àlòkù gbé fontomfrom kalẹ̀, kí ó wá àsìkò kí ó tó wá àwọ̀: kí iná kan máa ṣẹ́jú ní ipò dawuro láì yẹ̀, kí iná òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa pín ọ̀rọ̀ atumpan sọ, kí èyí tí ó tóbi jù sì máa tàn níbi tí ìlù ńlá bá ti wọlé. Láìsí èyí, iná ọdún lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà, ìbáà ṣe ní Kumasi tàbí ní Ìbàdàn, ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti alágogo, kí wọ́n kọ́ ìlà rẹ̀ títí ọwọ́ wọn yóò fi lè lù ú, kí wọ́n tó ra wáyà.