Òṣùwọ̀n Sójà, Òṣùwọ̀n Oúnjẹ

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1899, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú Manchester rọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba sójà. Nínú nǹkan bí 11,000 tó yọjú títí di oṣù keje ọdún 1900, bí 8,000 ni wọ́n dá padà pátápátá. Bí 1,000 péré ni ara wọn dá ṣáṣá tó fún ojú ogun. Àyà tí kò fẹ̀, ara tí kò wúwo tó, ọkàn tí kò lágbára, eyín tó ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan wá pariwo pé ìran Gẹ̀ẹ́sì ti ń kú lọ láti inú ẹ̀jẹ̀. Lójú tèmi, ìkòkò ọbẹ̀ ilé àwọn ọmọ náà ni àwọn dókítà ń wọ̀n láìmọ̀.

Ẹ̀rí pé òṣùwọ̀n ara lè yí padà ti wà nílẹ̀ ní bí ogójì ọdún ṣáájú. Ní 1860, lẹ́yìn ogun Crimea, ilé iṣẹ́ ológun kó sójà méjìlá, sábẹ́ Major Hammersley, lọ sọ́dọ̀ Archibald MacLaren, ẹni tó ní gbọ̀ngàn ìmárale ní Oxford. Ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ga bákan náà. MacLaren wọn ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó sanra kéré jù fi pọ́ùn 5 lé ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó pọ̀ jù fi 16 lé e. Kí oṣù kẹrin tó parí, àwọn kan nínú wọn kò lè dá wọ ẹ̀wù iṣẹ́ wọn mọ́, àfi kí ẹlòmíràn bá wọn fà á. (Aránṣọ ogun nìkan ni yóò ti bínú sí MacLaren.) Àwọn méjìlá yìí ló wá di olùkọ́ ìmárale fún ẹgbẹ́ ogun náà, tí ibùjókòó wọn sì wà ní Aldershot.

Ẹnìkan lè sọ pé sójà tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti gbà ni àwọn wọ̀nyí, pé wọn kì í ṣe ọmọ tálákà Manchester. Òótọ́ ni. Ìmárale kò lè tún egungun tí ebi ti ká kò láti kékeré nà. Wọ́n tún lè ní ìlú kan ṣoṣo ni Manchester. Ìyẹn náà tọ̀nà: ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń dá padà láwọn ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì pọ̀, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kò sì rí ẹ̀rí kankan, nínú ìròyìn rẹ̀ ti 1904, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń bàjẹ́. Oúnjẹ, ilé ìgbé àti ìtọ́jú ọmọ ló tọ́ka sí. Òfin oúnjẹ ọmọ ilé ìwé dé ní 1906, òfin pé kí dókítà máa yẹ wọ́n wò dé ní 1907.

Ṣé gíga àti ìwúwo wá jẹ́ agbára ni? Ní 1914, ní Birkenhead, wọ́n dá ẹgbẹ́ ogun Bantam sílẹ̀ fún àwọn tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 3 tí òfin ń béèrè, ṣùgbọ́n tí àyà wọn fẹ̀. Awakùsà pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ sì ti sọ wọ́n di alágbára. Nígbà tí àwọn yẹn ń kú tí wọ́n ń fara pa, àwọn kúkurú mìíràn tí ebi ló dá wọn dúró síbẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Nígbà tó máa fi di ìparí 1916, àwọn ọ̀gá ogun ti ń yọ ọ̀pọ̀ wọn kúrò. Gíga kan náà ni, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn tó kórìíra òfin 1906 lè rí ohun sọ, nítorí pé àyẹ̀wò àwọn tó ń bọ̀ wá wọṣẹ́ ogun ní 1917 sí 1918 fi hàn pé bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wà ní ipò kìíní. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé wọn kò ka ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jẹ oúnjẹ ilé ìwé ní 1907 kò ju ẹni ọdún 16 lọ ní 1917. Kò tíì tó ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ń pè síwájú dókítà ogun.