Odídẹrẹ́ àti Igún

Odídẹrẹ́ (Psittacus erithacus) àti igún (Necrosyrtes monachus) jọ wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ààbò kan náà kò lè tó àwọn méjèèjì. Láàyè ni wọ́n ń kó odídẹrẹ́ lọ tà lókè òkun, ìdí nìyí tí àjọ CITES fi pinnu ní 2016 láti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Òkú igún ni wọ́n ń wá ní tirẹ̀, fún oògùn, lọ́jà wa níbí. Májèlé sì tún ń pa á. Àwọn kan lè sọ pé igún ṣì pọ̀ láwọn ìlú kan. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan; èyí tó bá kú kì í tètè ní àrọ́pò. Abájọ tí IUCN, àjọ tó ń to orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, fi kà á sí ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun láti 2015, ipò tó burú ju ti odídẹrẹ́ lọ.