Ṣé Kùmọ̀ Ni A Fi Sọ Ẹranko Igbó Di Ẹran Ilé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin òǹkàwé, inú eré orí kọ̀ǹpútà ni mo ti rí ìdí òwe yìí.

ARK: Survival Evolved ni orúkọ eré náà. Studio Wildcard ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Ní 2015 ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí i ṣe, ní 2017 sì ni wọ́n kéde pé ó parí. Ènìyàn a bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ òfo ní etí òkun erékùṣù kan tí dáínósọ̀ kún inú igbó rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ọ̀kan gùn, lọ́pọ̀ ìgbà àfi kí ó kọ́kọ́ bá a jà: kí ó fi kùmọ̀ lù ú, tàbí kí ó ta á ní ọfà olóògùn oorun, títí yóò fi dákú.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi èyí ṣe ẹ̀rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará ìgbàanì ṣe sọ ajá, màlúù àti ẹṣin di ti ilé. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èkíní, eré náà fúnra rẹ̀ ta kò ó. Kùmọ̀ kò ju kí ó dá ẹranko dùbúlẹ̀ lọ. Oúnjẹ ni ó ń sọ ọ́ di tìrẹ: ẹran fún ajẹran, èso fún ajewéko. Ìwọ yóò sì jókòó tì í, kí ó má baà jí, kí ọ̀tá má baà pa á. Èmi pẹ̀lú ti fi ìkánjú lu ọ̀kan pa rí. Òkú ni mo rí, n kò rí ohun tí mo máa gùn.

Èkejì, ìtàn kò gbè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù dá ibùdó sílẹ̀ ní Api, ní Kóńgò, láti kọ́ erin ní iṣẹ́. Ti Gangala-na-Bodio tẹ̀lé e. Ipá ni wọ́n fi ń mú ọmọ erin: wọn a fi ìbọn tú agbo ká, wọn a fi okùn so ọmọ mọ́ igi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìbọn parí sí. Erin àgbà tí a ti kọ́ ni ó ń sin ọmọ náà wálé. Olùtọ́jú a máa bọ́ ọ, a sì máa kọrin fún un.

Ẹ̀kẹta, ní 1959, Dmitri Belyaev bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Novosibirsk, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kò lù wọ́n, kò tilẹ̀ kọ́ wọn. Àwọn tí kò bẹ̀rù ènìyàn, tí kò sì fẹ́ bu ni jẹ, ni ó ń yàn láti bímọ. Láàárín ìran díẹ̀, àwọn ọmọ wọn ti ń ju ìrù sí ènìyàn bí ajá.

Nítorí náà, ìjà lè mú ẹranko kan lónìí. Kò lè sọ ìran rẹ̀ di ti ilé. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún ṣeré, mo rí i pé ó kọ́kọ́ kó ẹran jọ kí ó tó gbé kùmọ̀.