Fíìmù, ISO àti ojú àwọn bàbá wa

Àwa ọmọ Okun tó ń ya fọ́tò nílé, bí ilẹ̀ bá ṣú ní Kabba, ISO la kàn ń gbé sókè lórí kámẹ́rà. Láyé àwọn bàbá wa, inú fíìmù ni agbára yẹn wà. DIN ni Jámánì fi ń wọ̀n ọ́n láti 1934, ASA ni ti Amẹ́ríkà láti 1943. Ní 1974 ni wọ́n pa méjèèjì pọ̀ di ISO. Ẹni tó bá ti ki fíìmù 100 bọ kámẹ́rà, 100 náà ni yóò lò títí fíìmù á fi tán. Lójú tiwa, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí fọ́tò àtijọ́ pọ̀ níta gbangba, nínú oòrùn.

Àwọ̀ dúdú tún jẹ ìyà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni káàdì tí Kodak fi ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe jẹ́ àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun!

Bí ISO 100 bá di 200, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ní 6400, fọ́tò lè di hóró-hóró, ilà ojú àgbà á sì sọnù sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà jókòó lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, 400 tó. Ẹ kí wọn ní “Okun”, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti ń dáhùn.