Yááfì Kì í Ṣe Dógò

Ní oṣù Keje ọdún 2020, ariwo sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Àwọn aṣòfin ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó 400 mílíọ̀nù dọ́là wò, èyí tí Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Báńkì Exim ti Ṣáínà ní 2018 fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ ayélujára, wọ́n sì rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó já wọn láyà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti ìgboro: ìjọba ti fi Nàìjíríà dógò fún Ṣáínà!

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó kún fún ìtàn ni dógò. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Bí gbèsè bá pẹ́ nílẹ̀, olówó a rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò kì í kanlẹ̀kùn pẹ̀lẹ́. A wọlé, a nà gbalaja, a máa bú tọmọdé tàgbà, bí adìẹ bá sì kọjá níwájú rẹ̀, a kì í mọ́lẹ̀, a pa á jẹ, orí onígbèsè ni gbogbo ìnáwó náà ń wá. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi wá owó jáde. Lónìí, ẹni tó bá fi ilé tàbí oko rẹ̀ dúró fún owó, a ní ó fi í dógò. Nǹkan kan pàtó wà tí a lè nawọ́ sí: ilé yìí, oko yẹn.

Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn tó dá ariwo sílẹ̀ yẹn. Nínú òfin àgbáyé, orílẹ̀-èdè kì í ṣe ẹni tí a kàn lè wọ́ lọ sílé ẹjọ́ ìlú mìíràn. Ẹ̀tọ́ àìṣeépèlẹ́jọ́ ń dáàbò bò ó. Ẹ̀tọ́ yìí ni Nàìjíríà gbà láti jọ̀wọ́ lórí ẹ̀yáwó náà. Rotimi Amaechi, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, ṣàlàyé pé kò túmọ̀ sí pé Ṣáínà yóò wá gba ìlú, bí kò ṣe pé bí a kò bá san owó, a kò ní lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀tọ́ náà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu régí: yááfì. Ẹni tó bá yááfì nǹkan, òun fúnra rẹ̀ ló ní in, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. "Ìjọba yááfì ẹ̀tọ́ àìṣeépèlẹ́jọ́ lórí gbèsè yìí" ni ìbá ti jáde lẹ́nu oníròyìn. Èyí kò sọ pé ẹ̀rù tó ba àwọn aráàlú kò nídìí. Ẹni tó yááfì irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ẹjọ́, ẹjọ́ sì lè dé orí dúkìá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí aráàlú yóò bi ìjọba lórí yááfì yàtọ̀ sí èyí tí yóò bi í lórí dógò, ó sì tọ́ kí ó rí ìbéèrè tó yẹ bi.

Orúkọ tí a ó máa pe àwọn orílẹ̀-èdè bíi Ṣáínà tó ń yáni lówó yìí pàápàá kò tíì fìdí múlẹ̀. Ní 2001, Jim O'Neill, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Goldman Sachs, ṣa lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Bràsíl, Rọ́ṣíà, Íńdíà àti Ṣáínà jọ, ó pè wọ́n ní BRIC. Nígbà tí Gúúsù Áfíríkà wọlé, ó di BRICS. Bí a bá pè wọ́n ní "orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà", orúkọ tí a fi ń pe Nàìjíríà àti Tógò náà nìyẹn. Bí olówó àti onígbèsè bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, báwo ni olùgbọ́ yóò ṣe mọ èwo ni èwo? "Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ" dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gọ̀mọ̀ tó ní òun yóò kan ọ̀run ni yóò sọ síni lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gàn sì ti wọ̀ ọ́. Ṣáínà tó ti ń ta sílíìkì láti ayébáyé kì í ṣe àṣẹ̀ṣẹ̀yọ lọ́jà. "Alágbára tuntun nínú ọrọ̀ ajé" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó wà níbẹ̀: agbára ló jẹ́ tuntun, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ní oṣù Kìíní 2025, Nàìjíríà di alájọṣe BRICS. Alájọṣe ni o, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Orúkọ àwọn aṣojú tí orílẹ̀-èdè ń rán síra wọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ wà nílẹ̀, Bíbélì Yorùbá sì ti lò ó. Ajẹ́lẹ̀ ni kí a má ṣe fà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìlú tó wà lábẹ́ ìlú mìíràn ni wọ́n ń fi ajẹ́lẹ̀ sí.

Ibi tí àṣìlò ọ̀rọ̀ ti ń dunni jù ni ẹ̀yáwó Ṣáínà fún rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin náà ní Mọ́níyà, tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tútù títí dé Èbúté-Mẹ́ta, yóò mọ̀ pé nǹkan gidi ni owó náà ṣe. Bílíọ̀nù 1.267 dọ́là ni, ní 2017, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ogún ọdún ni a ó fi san án, a sì fún wa ní ọdún méje àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ojú owó. Bí a bá pe ọdún méje yẹn ní "ọdún oore-ọ̀fẹ́", olùgbọ́ yóò rò pé wọn kò gba kọ́bọ̀. Ìyá oníṣòwò tó ń yáwó mọ bó ṣe yẹ kí a sọ ọ́: èlé là ń san, a kò tíì kan ojú owó. Ọdún méje náà sì pé ní 2024.